Tòlótòló Tí A Fi Ọdún Mọ́kànlá Tu

                                        Ojúlé 14, Calle Hornos,
                                        Navalcardo, Jaén.
                                        Ọjọ́ Ìsinmi, 27 Oṣù Kẹwàá, 1957.

Leocadia, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹsẹ̀ òsì rẹ tó máa ń wú nígbà òtútù ńkọ́? Amadeo ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí afẹ́fẹ́ òkun Barcelona gbé kò ó lọ́nà ti ń dẹwọ́? Mo kí gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín láìdáwọ́dúró. Níbí, òjò kò tíì rọ̀ tó èyí tó máa fọ eruku ara igi ólífì, àwọn tó fẹ́ ká èso lóṣù tó ń bọ̀ sì ń wo ojú ọ̀run tìbínú-tìbínú. Màmá wà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti dí wọn létí, kò rí ẹnu wọn dí. Wọ́n ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá ẹ ń rí ẹran jẹ níbẹ̀ àbí ẹja nìkan ni.

Èmi náà wà. Ara le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Ìwé tí o kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án tẹ̀ mí lọ́wọ́, èyí tí o fi sọ pé àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ, pé Obdulia wa ni o fẹ́ fi síbẹ̀, àti pé bí kò bá dáhùn kí ó tó di ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ẹlòmíràn ni wàá fún. Mo mọ̀ pé ìdákẹ́ wa á ti máa dùn ọ́. Má bínú. Ohun tó fa ìdákẹ́ náà lórúkọ, Don Evaristo ni orúkọ rẹ̀, mo sì fẹ́ fi gbogbo ìwé yìí bú u.

O rántí rẹ̀: akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ ìlú, ọkùnrin tín-ín-rín tó máa ń wọ táì dúdú lójoojúmọ́, tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ kò yẹ ní ohun tí òun ń tẹ̀. Kí o tó kúrò nílùú ló ti ń wá sójú fèrèsé Obdulia, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n wa, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ọmọ náà nígbà yẹn. Ó wà nínú ilé, Evaristo wà níta, irin fèrèsé wà láàrin wọn, èmi sì ń ṣe bí ẹni ń sùn lórí àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fẹ́ gbogbo wa. Títu tòlótòló ni a ń pè é. Ìwọ àti Amadeo tu tiyín fún ọdún kan àbọ̀, ó tán, ẹ sì jẹ ẹ́.

Ṣé o rántí ibi tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti wá? Ìyá ilé kan láyé àtijọ́ ló ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ tu ìyẹ́ tòlótòló ọdún. Ọmọ náà gbé tòlótòló lọ sójú fèrèsé níbi tí olólùfẹ́ rẹ̀ dúró sí, ó ń fa ìyẹ́ ẹyọ kan, ó ń sọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Ìyá ilé pè é títí, ó ní, "Mò ń bọ̀ mà, tòlótòló ni mo ṣì ń tu!" Obdulia ló sọ ọ́ fún Evaristo ní ìrọ̀lẹ́ kejì tó wá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yọ ìwé pélébé kan lápò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. A rò pé ìfẹ́ ni. Mo tiẹ̀ sọ fún Màmá pé ẹ wò ó, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu Obdulia kan bọ́ sílẹ̀. Wèrè ni mí.

Ọdún kan lọ, ọdún mẹ́ta lọ, ọdún márùn-ún lọ. Tòlótòló ò tán. Mo ń fi òwe tu ọmọ nínú pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Akólòlò tiwa kò pe bàbá, kò pe ìyá, ìwé ló ń kọ.

Àwọn ará ìlú ń sọ pé ó ń mu afẹ́fẹ́ nítorí Obdulia. Ọ̀dọ̀ ajá ọdẹ ni wọ́n ti mú ìyẹn: ajá tó bá gbóòórùn ẹran á gbé imú sókè, á máa fa atẹ́gùn bí ẹni ń mumi. Ṣùgbọ́n ajá tó bá mu afẹ́fẹ́ a máa sáré tẹ̀lé ehoro. Èyí mu afẹ́fẹ́ títí, ó jókòó sójú kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún Obdulia pé àwọn Gíríìkì gbà pé bí ọsàn róbótó ni ènìyàn rí ní àtètèkọ́ṣe, pé òrìṣà wọn là á sí méjì, pé olúkúlùkù ń wá ààbọ̀ ọsàn tirẹ̀ káàkiri ayé. Ọmọ náà wọlé wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Àǹtí, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ààbọ̀ ọsàn fún mi lónìí o." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni ọkùnrin náà ń kọ́ ọ, àwa rò pé ó ń dẹnu kọ ọ́ ni.

Ẹnu ìlú náà kò sì sinmi. Visitación aládùúgbò wa dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Casilda, ìrẹsì ọmọ yín mà ti ń rọ̀ jù lórí iná o." O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbí fún obìnrin tí ọjọ́ orí ń lọ lára rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé tìrẹ tó jinná lásìkò, kí ló dé tí ọkọ rẹ ń lọ jẹun níta? Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, mo sì gbádùn oṣù méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì burú ju ti ìrẹsì lọ, nítorí òótọ́ ni. Obìnrin tí kò bá rí ọkọ, wọ́n á ní ó kù sílé láti máa wọ aṣọ fún ère àwọn ẹni mímọ́. Obdulia ń wọ aṣọ fún wọn lóòótọ́! Òun ló ń rán aṣọ Màríà ìjọ wa, òun ló ń dìde ní òkú òru, láìdúró di irun rẹ̀, láti tètè dé ibi ère kí àwọn èèyàn tó dé, kí wọ́n má bàa rí i níbẹ̀ kí wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ọmọge kan sọ ọ́ sí i lójú, ó lọ sójú fèrèsé pẹ̀lú omijé. Evaristo fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá bi í pé, "Obdulia, ǹjẹ́ o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá?" Wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún ọmọ lára, ẹni tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ń bi í níbi tí wọ́n ti rọ ọ̀bẹ.

N kò ní parọ́ fún ọ, Leocadia, mo lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ní ọdún 1951, Fermín oníbúrẹ́dì, tí ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkúta sí wa lẹ́sẹ̀. O rántí eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta, tí wọ́n ń ju òkúta pẹlẹbẹ síbi igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ràn ọmọbìnrin kan á mọ̀ọ́mọ̀ ju tirẹ̀ sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ onítọ̀hún, kí ó lè ráyè lọ mú un níbẹ̀. Búrẹ́dì ni Fermín ń jù ní tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń fi èyí tó yan pẹ̀lú oyin ránṣẹ́ sí Obdulia. Èmi ni mo dá a padà. Mo ní ìyẹ̀fun kò ní wọ ilé mi níwọ̀n ìgbà tí táì ń bọ̀ lọ́nà. Fermín ti fẹ́ ọmọ ìlú kejì báyìí, wọ́n ti bí mẹ́ta, mo sì ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, n kì í lè wò ó lójú.

Ní nǹkan bí ọdún keje, Evaristo ní kí a jọ̀ọ́ kí a máa gbé àga Màmá wá sójú fèrèsé. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí kò sí ẹni tó ń bi wọ́n ní nǹkan mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó fẹ́ bi wọ́n nípa orúkọ tí àwọn ọkùnrin ń pe ohun tí tọkọtaya ń ṣe lórí ibùsùn, èyí tó túmọ̀ sí eruku. Ojú ń tì í láti pè é. Ó ń yí i po, ó ń wúkọ́. Màmá ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n pariwo débi pé gbogbo Calle Hornos gbọ́:

"Eruku áásáà ni, ọmọ mi! Láyé àwọn bàbá wa, bàbá ńlá tó bá fẹ́ kúrò láàrin àlejò, á ní òun fẹ́ lọ fa áásáà díẹ̀ símú ní yàrá kejì. Obìnrin á ti dúró dè é níbẹ̀. Gbogbo ariwo lo máa gbọ́ nínú yàrá ọ̀hún, àfi sísín!"

Evaristo pọ́n bíi tòmátì, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ irú ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ti ń dúró dè é fún ọdún méje, tí kò sì fọwọ́ kan ìka ọwọ́ rẹ̀ rí láàrin irin fèrèsé, kí ni kí a pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ni Màmá sọ ti elégédé fún un. Gbogbo wa ń sọ pé lágbájá fún lámọrín ní elégédé, ìyẹn ni pé ó kọ̀ ọ́. Màmá ní àwọn fún ẹnì kan ní tòótọ́. Ní ọdún 1891, oníṣòwò ìbaaka kan wá tọrọ wọn. Wọn kò fẹ́ ẹ. Wọ́n din elégédé pẹ̀lú aáyù, wọ́n gbé e síwájú ọkùnrin náà nìkan, wọ́n bu ẹran fún gbogbo àwọn yòókù. Ó wo àwo, ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gun ìbaaka rẹ̀ lọ. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Ẹni tó bá ní làákàyè, àwo ló ń bá a sọ̀rọ̀. Evaristo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́ yẹn, kò kọ nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìwé rẹ dé, mo ka àwọn ọ̀rọ̀ rẹ sí Obdulia létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n ní ìwé àwọn máa jáde lóṣù yìí, pé tó bá ti jáde, àwọn ní nǹkan tí àwọn fẹ́ wá bá ẹ̀yin àgbà sọ." Kí ni mo fẹ́ wí? Ìdí nìyẹn tí a kò fi dá ọ lóhùn.

Ìwé náà jáde lóòótọ́. *Ìpilẹ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ ní Ilẹ̀ Sípéènì* ni ó pè é. Ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, níbi tí obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀, a sì gbọ́ àtẹ́wọ́ láti òpópónà. Ẹ̀dà Fádà ni a yá. Obdulia nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó ṣí i. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, Evaristo dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ìlú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé bíṣọ́ọ̀bù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ "ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù tí kò lórúkọ". Obdulia tún ojú ewé náà kà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣí inú ìwé, ó sì ń bá ohùn ara rẹ̀ pàdé lójú ewé kọ̀ọ̀kan: tòlótòló tirẹ̀ ni, ìrẹsì tirẹ̀ ni, ère tirẹ̀ ni. Ó pa ìwé dé. Ó ní bóyá wọ́n fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́ ni wọn kò fi kọ ọ́. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo ní bóyá.

Màmá ní kí a ka ti elégédé fún àwọn. Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta ló wà. Ó kọ ọ́ báyìí: "Àwọn òpè kan, pàápàá àwọn arúgbó obìnrin, máa ń sọ pé wọ́n ń gbé elégédé fún ọkùnrin jẹ láti fi kọ̀ ọ́. Àlọ́ lásán ni. Kò sí ọ̀mọ̀wé tó rí i rí. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àwọn tó gbà pé hóró elégédé máa ń paná ìfẹ́ nínú ara." Mo ní láti kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní, "Òpè? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi din ín?" Wọn kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí, Evaristo ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wọlé. Leocadia, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Navalcardo. Ọkùnrin kì í la ilẹ̀kùn wá sílé ọmọbìnrin nítorí ohun méjì. Mo fi ẹfun kun ògiri ìta. Mo yá ife mẹ́fà lọ́wọ́ Visitación, nítorí a ti ń sọ̀rọ̀ padà. A pa ọmọ ewúrẹ́, a sè é pẹ̀lú wáìnì. Obdulia wọ aṣọ búlúù tó rán fún ọjọ́ náà ní ọdún kẹta. Ó ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kan fún Màmá. Ó jókòó, ó mu wáìnì, ó yìn ín. Ó wá tún táì rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Doña Casilda, ọ̀rọ̀ ńlá ni mo bá wá. Mo ti rò ó pẹ́. Ilé yìí ló fún mi ní èyí àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ilé yìí náà fún mi ní ìkejì."

Obdulia ni mo rò pé ó ń fi òwe tọrọ. Omi ti lé sí mi lójú.

Ó ní, "Ìwé kejì á dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ ikú àti ìsìnkú. Màmá mọ̀ wọ́n púpọ̀, ó sì yẹ kí n tètè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kí... kí àkókò tó lọ. Obdulia á máa bá mi pariwo ìbéèrè sí wọn létí. Mo ti ṣírò rẹ̀, kò lè gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ."

Màmá ní, "Kí ló wí?"

Obdulia tẹ̀ sí wọn létí. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ nípa ikú, Màmá!"

"Kó kú ná," ni Màmá wí, "á mọ̀ ọ́n."

Evaristo rẹ́rìn-ín, ó sì wá pẹ́ńsù rẹ̀ kiri àpò. Obdulia dìde. Kò sunkún, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jókòó, Don Evaristo. Oúnjẹ ń bọ̀." Mo tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná. Ó dé ìkòkò ẹran, ó gbé e kúrò lórí iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa elégédé kan jáde, èyí tí a fi pamọ́ fún ẹlẹ́dẹ̀. Mo la ẹnu, ó ní, "Àǹtí, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ bá mi mú ọ̀bẹ wá." Mo mú ọ̀bẹ wá. Mo tún bó aáyù fún un.

Ó din ín pẹ̀lú ọtí kíkan àti ata pupa lílọ̀. Ó bù ú sínú àwo funfun tí Màmá gbé wálé ọkọ. Ó gbé e síwájú ọkùnrin náà nìkan, kò gbé ohunkóhun síwájú àwa yòókù, ó sì dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí àga. Visitación, tó ní àwọn ife òun ni òun wá wò, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí ohun tó wà nínú àwo, ó fọwọ́ bo ẹnu. Màmá, tí ojú wọn ṣì ríran kedere, rọra jókòó ṣánṣán. Ìwé náà wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, pẹ̀lú ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta nínú rẹ̀. Gbogbo wa ń wo Don Evaristo.

Ó jẹ ẹ́.

Ó jẹ ẹ́ láìgbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin kò jẹun ni?" Kò dúró gbọ́ èsì. Nígbà tó tán, ó na àwo sí Obdulia, ó ní, "Ṣé ó ṣẹ́kù?" Obdulia ní ó pọ̀. Ó bu àwo kejì fún un, ó jẹ ìyẹn náà, ó fi búrẹ́dì nu àwo náà títí ó fi ń dán. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe oúnjẹ yìí?"

"Elégédé ni, sà."

"Elégédé! Ta ló mọ̀ pé ó lè dùn báyìí!" Ó dìde, ó kí wa, ó ní òun á wá sójú fèrèsé lọ́la bí ìṣe òun.

Nígbà tó lọ tán, Màmá ní, "Oníṣòwò ìbaaka yẹn kò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ó mọ elégédé." A gbé ọmọ ewúrẹ́ sílẹ̀, a sì pe Visitación wọlé. Obdulia sunkún díẹ̀ sínú àwo rẹ̀, mo sì di í mú. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní kí n bu ọbẹ̀ sí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni fèrèsé ti wà ní títì. Evaristo ń wá, ó ń kan igi fèrèsé, mo ń sọ fún un pé ara ọmọ kò yá. Ó gbà mí gbọ́! Ó tiẹ̀ fi ewé tí wọ́n ń sè fún ọ̀fìnkìn ránṣẹ́. Ìlú ti gbọ́ ohun gbogbo kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, o mọ ẹnu Visitación. Práxedes onígbàjámọ̀ ló wá fi ṣe ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan ń ṣàròyé lórí àga rẹ̀ pé ọmọbìnrin kan kì í dá òun lóhùn, pé bóyá ó ń tijú ni. Práxedes ní, "Tijú kẹ̀? Ìwọ yìí ti bu ẹlẹ́ẹ̀kejì." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ẹ̀rín wó lulẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkùnrin yòówù tí wọ́n bá kọ̀ tí kò sì mọ̀ pé wọ́n kọ òun, a ní ó bu ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ kéékèèké ti ń sọ ọ́.

Ní báyìí, gbọ́ ìdáhùn tí o ti ń retí. Obdulia ń bọ̀. Òun gan-an ló mú ìwé yìí wá fún ọ, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀la ni ó ń wọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa kan ilẹ̀kùn rẹ.  Bí àyè náà bá ti kún, jọ̀ọ́ wá ibòmíràn fún un, má ṣe dá a padà sí mi. Má bi í léèrè nípa tòlótòló, má sì sọ fún un pé ìrẹsì rẹ̀ ṣì dára. Má dárúkọ ìrẹsì rárá. Fún un ní ẹ̀rọ kan lẹ́bàá fèrèsé tí kò ní irin, kí ó máa ránṣọ fún alààyè. Mo fi òróró ólífì ìgò méjì sínú àpótí rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti Amadeo. Bá mi kí i, kí o sì bá mi kí àwọn ará Navalcardo tó wà níbẹ̀. Màmá ní kí o má tíì wá sin àwọn.

Mo ti fẹ́ fi orúkọ mi sí i nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo dìde lọ wò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà jókòó ni. Òun ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ kan, ìwé pélébé lọ́wọ́ kejì.

Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, Doña Casilda. Ṣé ara Obdulia ti ń yá?"

Mo ní ó ń yá gan-an.

Ó ní, "Ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tuntun kan gba ìlú kan. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé 'ó bu ẹlẹ́ẹ̀kejì'. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ìyẹn hàn sí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń bi wọ́n léèrè, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ẹ̀yin á mọ̀ ọ́n. Níbo ló ti wá?"

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àánú fẹ́ yọjú, mo lé e wọlé padà.

Mo ní, "Don Evaristo, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni."

"Mo fura!" ló wí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀.

Nínú yàrá, níbi tí Obdulia ti ń di okùn mọ́ àpótí rẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún, Leocadia. Ó rín in títí kò fi lè mí mọ́.

Evaristo gbé orí sókè. "Ṣé ikọ́ yẹn náà ni?"

Mo ní ikọ́ ni. Ó ní kí n bá òun kí i pẹ̀lẹ́.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti bó aáyù fún iṣẹ́ rere lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀,

Casilda.